Àwọn ọmọ tó ń pẹ́ kí wọ́n tó dé Aro

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olódùmarè á máa fún yín lókun. Ìyá ìbejì ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Obìnrin ni Táíwò, ọkùnrin ni Kẹ́hìndé, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 9. Nítorí Kẹ́hìndé ni mo ṣe mú gègé, àti nítorí àwọn ọmọ bíi tirẹ̀, tí wọ́n ní ohun tí dókítà ń pè ní autism, tí àwọn òbí ń tì mọ́lé nínú ìlú kan náà tí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ, wà.

Wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 15 nígbà tí ara kọ́kọ́ fu mí. Táíwò ti ń pe "màmá", ó ń nàka sí ohun tó bá fẹ́, á fà mí láṣọ kí n wá bá a wo adìẹ. Kẹ́hìndé kì í nàka sí nǹkan kan. Bí a bá pè é lórúkọ, kò ní bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rọra tú ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá kejì, ó ti dé ibẹ̀. Ó máa ń jókòó ti ẹrù mi ní ọjà, á máa fi ìka kan tọ ojú ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan náà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní èsì. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀. Àgbà ni Kẹ́hìndé, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Àgbà kì í kánjú sọ̀rọ̀." Àwọn mìíràn ní ọkùnrin kì í tètè fọhùn. Àwọn kan ní mo jẹ wọ́n ní ẹ̀wà. Mo se ẹ̀wà, mo da epo sí i, mo gbé wọn jó káàkiri ọjà pẹ̀lú onílù. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ké títí ohùn fi há a. N kò mọ̀ nígbà náà pé ariwo máa ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí a ń gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó pé ọdún 3, a gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà fún wọn. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tí a fi í sí dá a padà fún mi kí sáà kejì tó parí, wọ́n ní tó bá ti ń gbọ́ràn kí n mú un padà wá.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dárúkọ dókítà. Ọmọ ọdún 5 ni Kẹ́hìndé nígbà náà. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí Aro." Inú bí mi débi pé n kò bá a parí owó aṣọ tó fẹ́ rà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò yẹ, "Aro ló yẹ kí wọ́n gbé ọ lọ" ni a máa ń sọ sí i. Èébú ni orúkọ yẹn lẹ́nu wa. Ó gbà mí ní ọdún kan àti ààbọ̀ kí n tó lọ. Ní ọjọ́ tí mo lọ, mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé ọjà Láfẹ́nwá ni mò ń lọ. Mo fi ìborùn bo ojú, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí kí ó tó dé ẹnu géètì, mo wá fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí mo wọ̀.

Àwọn ìyá bíi tèmi ni mo bá níbẹ̀. Dókítà kò mú ẹ̀wọ̀n jáde. Ìbéèrè ló ń bi mí: báwo ni oyún ṣe rí, ṣé ọmọ ké nígbà tí mo bí i, ṣé ojú rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé gìrì ti mú un rí, ṣé ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan rí tó wá gbàgbé. Bí mo tilẹ̀ ń búra pé etí rẹ̀ kò di, ó ní kí a ṣe àyẹ̀wò etí ná. Lẹ́yìn èyí ni ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi: autism. Ó ní ọpọlọ ọmọ náà ló gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà, láti inú oyún wá. Kì í ṣe ayé ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀wà ni mo jẹ ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú nǹkan báyìí, àti ti ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan, àti ti ọmọ tí òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, pọ̀ mọ́ ohun tí dókítà ọpọlọ ń tọ́jú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ti Aro. Ẹni 1 nínú nǹkan bí ẹni 127 ní gbogbo ayé ni àjọ náà ní ó ní autism ní ọdún 2021. Kí oníkálukú ka iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀ wò.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní oògùn rẹ̀. Ó ní kò sí oògùn tó ń wo autism. Oògùn wà fún àwọn ohun tó máa ń bá a rìn, bíi wárápá, tàbí ìbínú tó le débi pé ọmọ á máa bu ara rẹ̀ jẹ. Èyí tí wọ́n ń lò fún ìbínú yẹn lè mú ọmọ sanra jù, nítorí náà wọn yóò máa gbé e lórí ìwọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ ni, èmi ni wọ́n sì kọ́ kí n máa kọ́ ọ nílé: àwòrán omi, àwòrán oúnjẹ, àwòrán ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó bá fẹ́, kí ó mú àwòrán rẹ̀ fún mi. Oṣù kẹjọ tí a bẹ̀rẹ̀, ó mú àwòrán omi wá bá mi ní ìsọ̀. Olóòtú, mo ti ń bu omi fún ọmọ yìí láti ọjọ́ tí mo ti bí i láìmọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo jókòó sórí ẹrù àdìrẹ mi, mo sunkún.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ó wù ú kí òun ti rí i nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 2, nítorí ìgbà náà ni ọpọlọ máa ń tètè gba ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Àwa ìyá kì í fẹ́ lọ sí Aro, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. A ń lọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, ní oṣù 9, àti ní oṣù 15 fún abẹ́rẹ́ ìgbóná èèyí (measles) ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á kọ ọ́ sí káàdì, ó parí. Kí nọ́ọ̀sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un. Ní oṣù 9: ṣé ó máa ń bojú wo ẹni tó bá pè é, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ní oṣù 15: ṣé ó ń nàka, ṣé ó máa ń gbé nǹkan wá kí ẹ bá a wò, ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń sọ tí kò sọ mọ́. Ìdáhùn kò ní sọ pé autism ni, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí a mọ ọmọ tó yẹ kí dókítà wò. Kí dókítà ọmọdé láti Aro sì máa wá jókòó ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ọjọ́ kan lóṣù. Ìyá tó bá rí i níbẹ̀ kò ní bo ojú. Àwọn tó wà ní Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ wa, àti ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo. Nígbà tí Aro bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní 1954, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi ọ̀pọ̀ aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ń gbé. Ayé wá wò ó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn gan-an ló ń fa autism. Èmi náà rò ó rí, nítorí oṣù 15 ni mo kọ́kọ́ fura. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọjọ́ kan náà ni Táíwò gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan náà. Òun ló ń ka ìwé fún mi ní ìsọ̀ báyìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti fi rọ́pò èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Òfin ti pa orúkọ dà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ bá wa dá ẹnu àwọn tó ń fi Aro bú ènìyàn lórí rédíò àti nínú eré dúró.

Bí àyè bá sì wà, kí ẹ tẹ àwọn ìbéèrè oṣù 9 àti oṣù 15 yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, gàdàgbà gàdàgbà. Màá ra ogún ẹ̀dà, màá fi wé àdìrẹ fún gbogbo obìnrin tó bá pọn ọmọ wá sí ìsọ̀ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.