Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Máìkì Tí Ẹ Tà fún Mi Láìfi Iná Rẹ̀ Sínú Páálí

Ìbarà,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Páálí máìkì tí mo rà lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní páàkì Kútọ̀, ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Láti ìgbà tí mo ti tú u ni ohùn tó ń gbé ti kéré débi pé n kò lè fi ṣiṣẹ́. Mo ti pe nọ́ńbà tó wà lára páálí, mo ti kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp, àmọ́ kò sí èyí tó kan ìdí ọ̀rọ̀ nínú gbogbo èsì tí ẹ fún mi. Mo ti wá mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà báyìí. Máìkì yín kò bàjẹ́, ohùn tèmi náà kò sì kéré. Iná tí máìkì yẹn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè ṣiṣẹ́ ni ẹ kò fi sínú páálí, ẹ kò sì sọ fún ẹni tó ń rà á pé ó nílò iná kankan.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Mo máa ń gba ìpolówó sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sórí ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí yóò máa tún un sọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí ẹ bá ti gba ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá kọjá rí, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀. Fóònù ni mo fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo tu owó jọ kí n lè ra ohun èlò gidi, mo sì gbà pé tiyín ló yẹ mí nítorí ohun tí ẹ kọ sára páálí ní lẹ́tà gàdàgbà: pé ó wà fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, pé bí èèyàn bá ti fi wáyà bọ ihò, iṣẹ́ ti yá.

Ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtọ́kú ni mo kọ́kọ́ fi máìkì náà ṣiṣẹ́ fún. Mo pa fáànù, mo dúró títí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì fi dákẹ́, mo sọ ohun gbogbo bó ṣe yẹ: irú àdìrẹ tó wà nílẹ̀, ẹlẹ́kọ àti oníko, iye tí wọ́n ń tà á, ọ̀nà tí èèyàn máa gbà dé ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fi íápíìsì gbọ́ ọ, ohùn náà tín-ín-rín, ni mo bá fi Audacity, áàpù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, gbé e sókè, mo sì fi ránṣẹ́. Ìyá yìí tẹ̀ ẹ́ sórí agbóhùnsókè lọ́jọ́ ọjà, ariwo ṣííí ló gba gbogbo ìsọ̀ kan. Orúkọ àdìrẹ nìkan ni wọ́n gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbé ohùn sókè. Iye owó àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó wà ní ìparí gbólóhùn níbi tí ohùn ti máa ń rọlẹ̀, ariwo ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. “Aǹtí, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ o,” ohun tó sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn. Mo dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà gan-an, kí àwọn tó mọṣẹ́ lọ́dọ̀ yín má baà sọ pé àròyé lásán ni mò ń ṣe. Nínú Audacity, 0 ni òkè pátápátá. Bí ohùn bá ti kan ibẹ̀, yóò máa ya. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ máa ń fẹ́ kí ibi tí ohùn òun ga dé jù lọ wà ní nǹkan bíi -12 dB, kí àyè díẹ̀ ṣì kù lókè. Tèmi kì í kọjá -42 dB. Ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tí kò bá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà yóò rò pé n kò tíì lanu.

Àbúrò tó gbé ìpè mi fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá a wí. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń sọ. Ó ní kí n wo settings bóyá máìkì ara laptop ni kọ̀ǹpútà ń lò dípò tiyín. Ìbéèrè tó dára nìyẹn, àmọ́ mo ti wò ó: mo fi èékánná kan irin iwájú máìkì yín fẹ́ẹ́, ìlà ohùn fò sókè, mo kan ara laptop, kò mira. Ó ní kí n gbé fọ́lúùmù máìkì dé 100. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó pè é. Ó ní kí n gbé Microphone Boost, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi kún ohùn máìkì nínú settings, dé òkè, ìyẹn +30 dB. Mo gbé e. Bí a bá ṣírò rẹ̀, -42 tí a fi 30 kún di -12, a ti dé ibi tí à ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ohùn mi ṣe fi 30 dB ga ni ariwo ṣííí náà fi 30 dB ga. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò fẹ̀ sí i rárá. Bákan náà ló rí bí a bá gbà á tán tí a wá ń fi áàpù gbé e sókè: áàpù kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ariwo, yóò gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi tí ohùn ti ń wọlé ni èèyàn gbọ́dọ̀ ti tọ́jú rẹ̀.

Ó wá ní kí n sún mọ́ máìkì. Nǹkan bíi 15 cm ló wà láàárín ẹnu mi àti máìkì, iwájú rẹ̀ ni mo sì dojú kọ. Bí mo bá dín àlàfo yẹn kù sí ìdajì, nǹkan bíi 6 dB ni ohùn máa fi ga. 30 dB ló ń dín! Kí n tó rí ìyókù, ẹnu mi á ti wà lára irin, èémí á sì máa fẹ́ lù ú ní gbogbo ibi tí “b” àti “f” bá ti wà.

Ìmọ̀ràn tó kù ni pé kí n máa pariwo. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ìdílé kan ní Ìjàyè ti bẹ̀ mí pé kí n wá gba oríkì ilé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà wọn, nítorí pé òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Mo gbé máìkì yín lọ. Ìyá náà jókòó sórí ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ki wọ́n láti orí baba ńlá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sinmi láàárín, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ padà. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó já gaara létí gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá náà. Nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀, apá ibi tó pọ̀ ni a kò ti lè mọ orúkọ tó pè. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, wọn kò sọ nǹkan kan sí mi, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ pé kó máa pariwo? Ó yẹ kí máìkì tí a rà ní irú iye yẹn lè gbọ́ ohun tí etí lásán gbọ́.

Nígbà tí mo tún pè, òṣìṣẹ́ yín mìíràn ní laptop mi ló lẹ́bi, pé kí n fi máìkì náà sí fóònù, mo máa rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo fi sí fóònù. Ohùn wọlé dáadáa! Ká ní mo dúró síbẹ̀, mi ò bá ti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún fi èékánná kan irin máìkì, kò sí nǹkan kan. Mo wá fi ìka kan ìsàlẹ̀ fóònù, ìlà ohùn ta kìjí. Máìkì fóònù fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹnu wáyà tí ẹ fi sínú páálí: òrùka dúdú méjì ló wà lára rẹ̀. Ti íápíìsì fóònù tó ní máìkì, mẹ́ta ni. Fóònù kò rí ojú ibi tí ohùn yẹ kó gbà wọlé lára wáyà yín, ó wá ń lo tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ń yìn yín pé máìkì yín dára lórí fóònù, tó sì jẹ́ pé wọn kò tíì lò ó rí.

Ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní ilé-iṣẹ́ rédíò níbí ló bá mi tú ọ̀rọ̀ náà. Ó yí máìkì yín dorí kodò, ó fi iná fóònù rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó ní kí n kà á. 48V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. Máìkì condenser ni. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n bí ohùn bá ti kàn án, ohun tí awọ yẹn sì ń mú jáde kéré gan-an, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé e ga kí ó tó wọ inú wáyà. Ẹ̀rọ yẹn ló nílò 48 volt, orí wáyà XLR oní-ihò mẹ́ta ló sì máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà tiyín ní ihò mẹ́ta lórí kan, ṣùgbọ́n orí kejì tín-ín-rín bíi ti íápíìsì. Ihò máìkì laptop kì í fúnni ju nǹkan bíi 2 sí 5 volt lọ. Ìwọ̀nba iná yẹn ló ń jẹ́ kí máìkì yín máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ èémí, tí oníbàárà fi ń rò pé settings ló ń da òun láàmú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ta fìríìjì fún ẹni, tó wá fi ṣájà fóònù sí i pé kí a fi tàn án.

Onímọ̀ ẹ̀rọ yìí mú àpótí kékeré kan wá tó ń fúnni ní 48 volt, àti wáyà XLR kan. Ó fi wáyà yẹn so máìkì mọ́ àpótí, ó sì fi wáyà tiyín so àpótí mọ́ laptop. Yàrá kan náà, 15 cm kan náà, a sì ti pa Microphone Boost. Mo sọ gbólóhùn kan péré bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ìlà ohùn gòkè dé -13 dB, ariwo ṣííí sì wà nílẹ̀ pátápátá. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Máìkì tó dára ni! Ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

N kò lè gbà pé ẹ kò mọ̀. Ẹni tó kọ 48V sí ìdí máìkì mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ta ọjà fún ẹni tí kò ní ju laptop lọ, máìkì USB wà, tó ń gba 5 volt tirẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà náà gan-an, ẹ tà á fún wọn. Bí ó bá sì jẹ́ èyí ni ẹ máa tà, ẹ fi iná rẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sára páálí kedere pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bèèrè nìyí. Ẹ fi àpótí 48 volt àti wáyà tí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ XLR ránṣẹ́ sí mi láìgba kọ́bọ̀; tàbí kí ẹ gba ẹrù yín padà, kí ẹ sì dá owó mi padà pé pérépéré, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí mo san ní páàkì. Èyí tí ẹ bá yàn nínú méjèèjì tẹ́ mi lọ́rùn. Yàtọ̀ sí tèmi, ẹ yọ ọ̀rọ̀ “fún fóònù àti kọ̀ǹpútà” kúrò lára páálí, ẹ fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ tó sọ ohun tí máìkì nílò, kí Yorùbá sì wà nínú èdè tí ẹ máa fi kọ ọ́, torí àwọn ọlọ́hùn bíi tèmi ló ń rà á. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé ìpè pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ohùn òun kéré, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí máìkì ti ń gba iná. Ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó ti rà á ṣáájú mi. Ẹ ní nọ́ńbà wa lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ dín owó ọjà ni ẹ máa ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí wa.

Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń rà, kò sì gbà kí a kọ ohun tó lè ṣi èèyàn lọ́nà sára ọjà. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí lẹ́tà yìí tẹ̀ yín lọ́wọ́ tí n kò gbúròó yín, mo máa kó gbogbo rẹ̀ lọ bá wọn: ohùn tí mo gbà láìsí àpótí, èyí tí mo gbà pẹ̀lú àpótí, àwòrán ara páálí, àti ti ìdí máìkì níbi tí 48V wà. Mo ti fi ẹ̀dà wọn mọ́ lẹ́tà yìí pẹ̀lú risíìtì.

Mo ti bá ìdílé tó wà ní Ìjàyè ṣe àdéhùn pé mo máa padà wá, ìyá àgbà náà sì ti gbà. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àpótí ni ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́, ẹ sì pè mí kí ọkọ̀ tó gbéra, kí n lè wà ní Kútọ̀ láti gbà á.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.