Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ ra ẹ̀bùn ọdún fáwọn ọmọ mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O bi mí pé kí ni kí o rà fún àwọn ọmọ lọ́dún yìí, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò tíì dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo ń wá bí màá ṣe sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tí kò fi ní dà bíi pé mi ò mọyì gbogbo ohun tí o ti ń rà bọ̀. Mo mọyì rẹ̀. Mọ́tò ìṣeré tí o rà lọ́dún tó kọjá, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ́ kó sinmi. Abẹ́ ibùsùn ló wà báyìí, táyà méjì ti yọ lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí o pín owó ẹ̀bùn náà sí méjì. Fi apá kan ra nǹkan tí wọ́n lè fi ṣeré lọ́jọ́ náà gan-an, torí mi ò fẹ́ kí ọdún korò lẹ́nu ọmọ. Apá kejì, kó jẹ́ owó tí yóò máa bímọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. O ṣì kéré gan-an nígbà náà. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí ọdún bá sì ti dé, àwọn àlejò a máa fún mi lówó. Kí n tó kà á tán, àgbàlagbà kan nínú ẹbí á ti nawọ́: "Mú un wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kó o fún un. Inú mi máa ń dùn pàápàá. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, màá máa ṣírò ó lórí. Lọ́jọ́ tí mo wá bèèrè rẹ̀ torí mo fẹ́ ra báàgì iléèwé, ó wò mí lójú, ó ní, "Owó wo? Ta ló ń bọ́ ẹ látọjọ́ yìí?" Mi ò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, owó tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, kíá ni mò ń ná an kẹ́nì kan tó gbà á. Mo ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kí n tó ní owó kankan ní báńkì tí n kò fọwọ́ kàn. Bóyá ó rò pé òun ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fowó pa mọ́ ni. Ohun tí mo kọ́ ni pé owó tí wọ́n bá ti bá èèyàn tọ́jú ti sọnù nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé owó yòówù kí o fún wọn, kó jẹ́ èyí tí wọ́n á máa fojú ara wọn rí.

Ti èyí àbúrò rọrùn. Ọmọ ọdún márùn-ún, kí ló mọ̀ nípa báńkì? Kóló ni kí o rà fún un, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ láti ìta, kó sì kéré, kó lè kún láàárín oṣù méjì. Ńlá tí ò kún bọ̀rọ̀ á sú u. Bó bá kún, a ó jọ tú u, a ó jọ kà á, á mú lára rẹ̀ ra ohun tó wù ú, á sì dá ìyókù padà. Kó ná nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì lójú mi. Ọmọ tí kò fi owó tó tọ́jú ra ohunkóhun rí, báwo ló ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ tọ́jú owó?

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó sì fẹ́ràn ìṣirò. Jókòó tì í, kí o kọ́ ọ ní ohun tí Luca Pacioli, ará Ítálì, ti kọ sílẹ̀ láti ọdún 1494: mú 72, fi iye èlé tí owó ń mú wá lọ́dún pín in, ohun tó bá jáde ló máa ń sún mọ́ iye ọdún tí owó náà fi máa di ìlọ́po méjì. Bí èlé bá jẹ́ 8 lórí 100, ọdún 9 ni. Bó bá jẹ́ 6, ọdún 12. Owó bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ń bímọ, ohun tó ń mú un yára nìyẹn. Wá fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe é fún un: 100 tí o bá fún un lónìí, tó ń mú èlé 8 wá lọ́dún tí kò sì fọwọ́ kàn án, á di 200 nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 18, 400 ní ọdún 27, 800 ní ọdún 36. Ojú rẹ̀ nígbà tó bá ṣírò débẹ̀ ni mo fẹ́ rí.

Má fi apá tí kò dùn pa mọ́ fún un o. Ìṣirò kan náà ló wà fún ọ̀wọ́ngógó: bí ọjà bá ń fi 8 lórí 100 gbówó lórí lọ́dún, tó bá fi máa di ọdún 9, owó tó kàn jókòó sínú kóló á máa ra ìdajì ohun tó ń rà lónìí. Owó ìtọ́jú tí wọ́n ń yọ níbi ìdókòwò náà ń kọ́? Bí wọ́n bá yọ 2 nínú èlé 8 yẹn lọ́dọọdún, 6 ló kù. Ọdún 9 ti di 12 nìyẹn. Nítorí náà, kí o tó fowó síbikíbi, bèèrè iye tí wọ́n ń yọ.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ ra ìpín fún un nínú ilé-iṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Ra ẹyọ kan, kínú rẹ̀ dùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń da owó pọ̀ ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ ni kí o gbé e lọ, irú èyí tí John Bogle, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde fún mẹ̀kúnnù lọ́dún 1976. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣubú, kò ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọdún kan wà tí gbogbo rẹ̀ jọ ń wálẹ̀. Jẹ́ kó rí i nígbà yẹn, kó sì rí i pé ìwọ ò sáré tà á.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 dá bójú tó irú owó bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ló máa ń bá a dì í mú. Ọwọ́ mi ló máa bọ́ sí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí ju bí o ṣe lè rò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí lóòótọ́, àmọ́ mo fún ọ láṣẹ: bí mo bá fọwọ́ kan owó yẹn, ìbáà jẹ́ láti fi san owó iléèwé rẹ̀, bá mi wí, kó o sì ṣe é níṣojú rẹ̀.

Mo ti ra ìwé kékeré kan fún un. Mo ti fa ìlà sójú ewé àkọ́kọ́: ọjọ́, iye owó, ẹni tó fún un. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Bí o bá dé, fún un ní báírò, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ