Àdùkẹ́, kọrin fún Bàbá

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, ẹ kú òtútù Toronto. Látìgbà tí o ti sọ fún mi pé Bàbá ń di ẹrù wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pé wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi àwọn sílẹ̀ ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta níbí, oorun ò kùn mí dáadáa. Mo mọ ohun tí ojú rẹ ń rí. Ojú èmi náà ti rí i lọ́dọ̀ Màmá, ọdún kẹta rèé.

O ní ṣé òótọ́ ni ohun tí mo sọ, pé orin máa ń tu ẹni tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà lára. Òótọ́ ni, Àdùkẹ́.

Ìwẹ̀ ló máa ń dìjà sílẹ̀ nílé wa. Tí mo bá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, Màmá á di ìró mọ́ àyà gírígírí, wọ́n á máa pariwo pé olè fẹ́ bọ́ aṣọ àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti fi èékánná họ mí lápá, omi ti tutù, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà kan tí Màmá máa ń kọ nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n bá ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára àdìrẹ. Mo ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Màmá dákẹ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," wọ́n gba orin lẹ́nu mi, wọ́n kọ ọ́ dé òpin. Ẹni tí kò rántí orúkọ mi mọ́! Bí wọ́n ti ń kọ ọ́, ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ń rìn lórí itan, ó ń fa ìlà gbọọrọ, ó ń dúró, ó tún ń fa òmíràn, bí ẹni pé aṣọ wà níwájú wọn. Wọ́n tú ìró fúnra wọn. Mo fi kànìnkànìn wẹ̀ wọ́n bí orin ti ń lọ. Nígbà tí mò ń fi òrí pa wọ́n lára, wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ṣé." Mo jẹ́ wọn lóhùn bí àbúrò.

Mi ò ní tàn ọ́: orin kì í wo àìsàn yìí sàn. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí wọ́n tún bi mí pé ta ni mí. Ṣùgbọ́n wọ́n wẹ̀, ara tù wọ́n, mi ò sì bá ìyá mi jà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Rí i pé dókítà yẹ Bàbá wò dáadáa. Wòlíì kan ló kọ́kọ́ ní kí Màmá jẹ́wọ́ àjẹ́. Màmá mi! Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, etí àti ojú ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé kòkòrò inú ìtọ̀ nìkan tó láti da orí àgbàlagbà rú, ìyẹn sì ní oògùn. (Àrò yìí náà ni Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé àyíká ní nǹkan bí 1954, kí wọ́n máa gbé láàárín èèyàn. Mo máa ń rò ó tí mo bá jókòó síbẹ̀.)

Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbé ìwádìí kan jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé ibi tí orin tó ti pẹ́ létí ẹni ń gbé nínú ọpọlọ wà lára ibi tí àrùn Alzheimer, ọ̀kan lára àwọn àrùn tó ń fa ìgbàgbé yìí, kì í tètè jẹ run. Orin ìgbà èwe ló sì ń rinlẹ̀ jù. Nítorí náà, má lo orin tí ìwọ fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ra ẹ̀rọ ńlá kan, ó tan orin òde òní sí i látàárọ̀ dalẹ́. Ńṣe ni Màmá di etí, tí wọ́n ń sunkún. Èmi náà ṣe tèmi: mo kọ orin kan tí a kọ níbi ìsìnkú bàbá tèmi, ọkọ Màmá, láìronú. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi jẹun dáadáa. Máa wo ojú Bàbá bí o ti ń kọrin, kí o sì dánu dúró tó bá yí padà.

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹrù, jókòó tì wọ́n. Má bá wọn jiyàn pé kò sí ọkọ̀. Kí wọn ní oríkì wọn. Ṣebí inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Aké ni wọ́n dàgbà sí? Wá orin tí Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá mọ̀ lára wọn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ fífi orin tọ́jú aláìsàn sì wà ní Kánádà níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Fi orúkọ orin tí Bàbá máa ń kọ níbi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Bàbá àgbà méjì tí àwọn àti Bàbá jọ kọrin nígbà náà ṣì wà láyé. Mà á lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé, mà á ká ohùn wọn sórí fóònù, kí wọ́n fi orúkọ pe Bàbá kí wọ́n tó gbé orin.

Màmá ti jí, mò ń gbọ́ wọn. Jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́