Ẹ fún aláìsàn ní ìwé iṣẹ́ abẹ tí ẹ ṣe fún un

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn dókítà, àti àwa mọ̀lẹ́bí àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí ìsanrajù, tí iṣẹ́ náà kò bọ́ sí i, tí wọ́n sì ní láti tún un ṣe.

Àbúrò mi obìnrin ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá a fínra, ó lọ ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń de òrùka mọ́ òkè àpòlúkù kí oúnjẹ díẹ̀ lè tètè yó ènìyàn. Ó kọ́kọ́ fọn dáadáa. Nígbà tó di ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì lóru, àyà ń ta á, ó sì tún ń sanra padà. Àwa ará ilé dá a lẹ́bi. Èmi gan-an ni mo sọ fún un pé iyán alẹ́ ló fà á, ó sì ń dùn mí títí di òní pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde.

Oníṣẹ́ abẹ kejì tó lọ bá béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, àti ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Rìsíìtì owó nìkan ló ní lọ́wọ́. Wọ́n ní láti fún un ní oògùn funfun mu kí wọ́n fi ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n sì ti wáyà oníkámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé, kí wọ́n tó rí i pé òrùka náà ti yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Kì í ṣe iyán rárá.

Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àpá ti máa ń lẹ àwọn ẹ̀yà inú pọ̀, ewu kí ojú ibi tí wọ́n rán máa jò sì pọ̀ sí i. Ẹni tó ṣe irú mìíràn, èyí tí wọ́n fi ń gé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù kúrò, tí omi kíkan sì ń ru sókè sí ọ̀fun rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Wọ́n sábà máa ń so ìfun mọ́ ìwọ̀nba àpòlúkù tó kù. Ẹni tó ní òrùka, wọ́n lè kọ́kọ́ yọ ọ́, kí wọ́n dúró fún oṣù díẹ̀ kí ara jinná, bí wọ́n ṣe ṣe fún àbúrò mi, kí wọ́n tó ṣe òmíràn. Báwo ni dókítà ṣe fẹ́ yan èyí tó yẹ, bí kò bá mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ti gé tàbí tí ó ti so?

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó gba ìtọ́jú, ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 sì fún aláìsàn láṣẹ láti rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ gbà lásìkò. Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: kí aláìsàn tó lọ sílé, ẹ fún un ní ẹ̀dà ìwé tó sọ irú iṣẹ́ abẹ tó jẹ́, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, irú òrùka tí ẹ lò, tàbí bí ìfun tí ẹ fò dá, tí oúnjẹ kò ní gbà kọjá mọ́, ṣe gùn tó. Ẹ kọ fítámì tí yóò máa lò títí ayé sí i pẹ̀lú. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ìwé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, òmíràn sì wà nínú àpótí mi.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òpópónà Ọba Adésídà, Àkúrẹ́.