Agbọ́n ojú fèrèsé rẹ

Ìsánlú

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọ̀kun o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àtàwọn ọmọ wà lọ́hùn-ún? Ìyé tó bí ọ ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé mì. Agbọ́n ta wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, lókè ojú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú náà ti wú, ó dí pátápátá. Ó ti ń lọ sílẹ̀ báyìí, má bẹ̀rù.

Ilé agbọ́n ọ̀hún gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lókè fèrèsé yàrá rẹ ló so sí, lábẹ́ páànù. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó gba yàrá nílé wa ní Belonogaster ni ìwé ń pè wọ́n. Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀kan bà sára igi fèrèsé rẹ, ó ń fẹnu họ ọ́, mo ń gbọ́ kírí-kírí. Igi tó fi itọ́ pò yẹn ló fi ń mọlé. Ilé náà ò ní ìbòrí, ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mò ń rí àwọn ọmọ funfun nínú rẹ̀. Oyin a máa já abẹ́rẹ́ rẹ̀ síni lára, kó sì kú. Agbọ́n á ta, á tún ta. Ìyé sì ń dá gbélé!

Àbúrò mi di ògùṣọ̀ lálẹ́ Àìkú, Ìyé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní agbọ́n ló ń bá àwọn kó kòkòrò kúrò lára tẹ̀tẹ̀. Òótọ́ ni, mo rí èyí tó rún kòkòrò ewé títí ó fi di róbótó, ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀ kọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ wà ní etí ìró wọn, wọ́n ta á ní kókó. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀ títí wàá fi dé.

Ìyàwó àbúrò mi bí obìnrin. Káṣú ò so dáadáa lọ́dún yìí. Páànù ẹ̀yìnkùlé yín tó ń jò, mo ti ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Jọ̀ọ́, pe Ìyé. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká gbé ilé náà kúrò lóru, nígbà tí àwọn agbọ́n bá ti sùn. Kí o sì sọ ìgbà tí ò ń bọ̀ fún wọn. Má sọ pé "láìpẹ́" o, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìyẹn. Ọjọ́ gan-an ni kí o dá.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń sùn títí ojú náà yóò fi jinná.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ