Ẹ má fi Horace Lyne sílẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa bí Wales ṣe na New Zealand ní 3 sí 0 nínú eré rọ́gbì ní Cardiff lọ́dún 1905. Ó dùn mọ́ mi dọ́ba, pàápàá ibi tí Teddy Morgan, agbábọ́ọ̀lù Wales, ti sáré gba ẹ̀bá pápá gbé bọ́ọ̀lù délẹ̀ tó fi gba àmì mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù. Bí a bá ń sọ̀tàn rọ́gbì Wales, àwọn tó gbá a nìkan là ń kì. Àwọn tó ń to eré náà ńkọ́?

Ẹ wo Horace Lyne, ọmọ Newport ní Wales. Láàárín 1883 sí 1885, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ló gbá bọ́ọ̀lù fún Wales. Lọ́yà ni, òun náà tún ni ọ̀gá panápaná ìlú rẹ̀, síbẹ̀ kò kẹ̀yìn sí rọ́gbì nígbà tó bọ́ bàtà. Ó di ààrẹ àjọ rọ́gbì Wales lọ́dún 1906, ó di 1947 kó tó gbé ipò sílẹ̀. Ọdún 41! Lójú tèmi, ó pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ọ̀ràn Arthur Gould, agbábọ́ọ̀lù Wales, ló jẹ́ kí n mọ bí iṣẹ́ àwọn tó ń to eré ṣe le tó. Newport ni òun náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1896, aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó láti fi yẹ́ ẹ sí. Ìgbìmọ̀ rọ́gbì àgbáyé, tí Lyne ń ṣojú Wales nínú rẹ̀, ní owó iṣẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú nìyẹn, èèwọ̀ sì ni kí agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì gba owó nígbà náà. Wales yarí, wọ́n fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún 1897, wọn ò sì bá Scotland àti Ireland gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún ọ̀hún. Níbi àsè kan ní Newport, wọ́n gbé ìwé ilé tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ lé Gould lọ́wọ́ ní gbangba. Lọ́dún 1898 ni Wales tó padà sínú ìgbìmọ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé Gould kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún Wales mọ́. Ẹ ro ipò Lyne, tí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá lórí àga méjì: ti Wales àti ti ìgbìmọ̀ àgbáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Six Nations, ìdíje rọ́gbì ọdọọdún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù, bá tún dé, ẹ fún Lyne ní ojú ìwé kan. Ẹ fi Richard Mullock kún un, ẹni tó kó ikọ̀ Wales àkọ́kọ́ jọ lọ́dún 1881.

Òǹkàwé yín,
Newport