Ẹ̀sùn nípa iná ọ̀gbìn tó já bọ́ láti ara síílìn

Bódìjà, Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná LED tí wọ́n ń so rọ̀ sókè orí ọ̀gbìn nínú ilé, èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ó já bọ́ lóru. Nígbà tí mo fi tó àwọn òṣìṣẹ́ yín létí lórí WhatsApp, ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n lọ bá ẹni tó kọ́lé mi, pé síílìn mi ni kò dára. N kò gba èsì yẹn rárá.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé. Ilé aládùúgbò ti dí oòrùn mọ́ wa, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sì fi rẹ́ gbogbo àgbàlá. Iná yẹn ni mo gbójú lé láti fi tọ́ ata rodo àti tòmátì nínú yàrá, títí wọn yóò fi dàgbà tó ohun tí mo lè kó lọ sóko.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìwé pélébé inú páálí sọ nípa bí a ṣe ń gbé e kọ́: kí a yí ìkọ́ mọ́ síílìn, kí a sì so iná rọ̀. Bí mo ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Síílìn PVC ló wà nílé mi, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé tuntun nílùú yìí. Pẹlẹbẹ rọ́bà tí inú rẹ̀ ṣófo ni. Káfíńtà tí mo pè lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣàlàyé pé pákó òkè rẹ̀ ló yẹ kó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó wá wọn ìkọ́ yín: ibi tó ní eyín lára rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Kó tó la rọ́bà kọjá, kí ló kù tí yóò jẹ pákó? Ìkọ́ náà ṣì wà lẹ́nu okùn nígbà tí mo gbé iná nílẹ̀, ẹ̀rún síílìn funfun há sí eyín rẹ̀.

Orí tábìlì tí ọmọ mi ti ń kàwé ló já lé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti lọ sùn. Igun irin rẹ̀ gé ojú tábìlì, ó sì ṣẹ́ ata tó ti yọ ojúlówó ewé lọ́rùn.

Ìwé yẹn kò tún sọ bó ṣe yẹ kí iná jìnnà sí ewé tó. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ewé á ṣá, etí rẹ̀ á ká kò. Bó bá jìnnà jù, ọ̀gbìn á kàn máa nà gbọọrọ láìlágbára. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi okùn tó ń gùn tó ń kúrú sí i. Ẹ kọ 1000W gàdàgbà sára páálí, àmọ́ 100W ni wọ́n kọ wínníwínní sẹ́yìn iná. Ẹni tó ń lo inverter ní láti mọ iye tí nǹkan ń fà ní tòótọ́! Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì bíi ti Amẹ́ríkà ni plọ́ọ̀gì rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ kẹta tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ni ara rẹ̀, orí ohun tí à ń bomi rin ló sì ń wà. Èyí bà mí lẹ́rù ju ti ìkọ́ lọ.

Ẹ dá gbogbo owó mi padà, tòun ti owó ìfiránṣẹ́, kí ẹ sì tún tábìlì ṣe. Kí ẹ tó ṣe tèmi pàápàá, ẹ pe gbogbo ẹni tó ti ra irú rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá gbé ẹ̀sùn náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018.

Mo fi rìsíìtì àti fọ́tò ìkọ́ náà mọ́ lẹ́tà yìí. Iná yín ti wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ rán ẹni wá gbé e.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.